Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey: Ẹ̀kọ́ fún Ará Ìgbẹ́tì tó Ń Dúró De Bàálù ní Èkó



Ìrìn-àjò láti Ìgbẹ́tì dé Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kì í ṣe ìrìn kékeré. Ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ yóò la Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn kọjá kó tó kan Èkó, ẹni tó bá sì gba Ìgbòho àti Ṣakí yóò la Ìṣẹ́yìn kọjá. Nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ohun tí ọ̀nà yóò dá sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń lọ sí Mẹ́kà, tàbí tó ń lọ bá ọmọ ní ìlú òkèèrè, ló máa ń tètè kúrò nílé. Bí ọ̀nà bá wá dára, wọn á dé Èkó nígbà tí àkókò bàálù ṣì ku odindi ọjọ́ kan tàbí ààbọ̀ ọjọ́. Àwọn kan á jókòó ti ẹrù wọn, wọn á máa ka wákàtí. Àwọn mìíràn á wọ ọjà Balógun lọ, wọn á ra ohun tí àpótí wọn kò ní í gbà. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò ọjà yẹn kan náà, ní òpópónà Martins, mọ́ṣáláṣí kan wà tó ti lé ní 130 ọdún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọn kò bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Mọ́ṣáláṣí náà ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey.

Ìdí tí a fi ń kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwa ará Òkè-Ògùn ni pé ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn Èkó nìkan. Ẹ̀bá ilé wa níhìn-ín ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

IBI TÍ ÌTÀN NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, kò jìnnà sí wa ní Ìgbẹ́tì. Nígbà tí Àfọ̀njá kọ̀yìn sí Aláàfin, tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn, àwọn tó ń ta ènìyàn ní ẹrú rí ọjà tà. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, níhà Ìṣẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, ẹni tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn ọ̀la. Kó tó di ọdún 1840, Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ ti tú, ó di ilé ẹyẹ àti ilé ẹranko.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa gbà. Àwọn kan wà tí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown àti àwọn ìletò tó yí i ká ní ilẹ̀ Sàró. Àwọn mìíràn kò rí ẹni gbà wọ́n. Wọ́n dé ilẹ̀ Brazil, wọ́n sì sin ẹrú níbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì ni Mùsùlùmí wà. Ní ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, Malê ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí, orúkọ tí kò jìnnà sí ìmàle tí a ń pè nílé. Nínú oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Malê wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dìde ogun láti gba ara wọn sílẹ̀. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó pa nínú wọn, ó na nínú wọn, ó sì lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ti ra ara wọn padà náà ti túbọ̀ ń bọ̀ wálé, wọ́n ń gúnlẹ̀ sí Èkó, Àgbádárìgì, Wìdà àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà, àwọn tó ti Freetown dé ni a mọ̀ sí Sàró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé Sàró àti Àgùdà ló pàdé nínú mọ́ṣáláṣí tí à ń sọ yìí.

TA NI SHITTA?

Ní nǹkan bí ọdún 1824 ni wọ́n bí Mohammed Shitta ní Waterloo, ìletò kan lẹ́bàá Freetown. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n gbà kúrò nínú oko ẹrú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: àwọn Òyìnbó tó gba àwọn èèyàn wọ̀nyí sílẹ̀, àwọn oníwàásù Kristẹni ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ wọn lé lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ilé ìwé wà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Síbẹ̀ àwọn òbí Shitta di ẹ̀sìn Ìsìláàmù mú. Ní ọdún 1844 wọ́n kó ọmọ wọn wá sí Àgbádárìgì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti di lèmọ́mù fún àwọn Mùsùlùmí tó ti Sàró dé. Bàbá náà kú kó tó di ọdún 1850. Lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí ilẹ̀ sì rọ̀, ìdílé Shitta ṣí lọ sí Èkó.

Òwò ni Shitta ṣe. Ó gba ojú odò Ọya lọ dé ilẹ̀ Núpé, ó gbé ní Bídà fún ọdún mélòó kan, ó ń ra, ó ń tà: obì, awọ ẹran, ẹ̀gúsí, àti àwọn ọjà mìíràn tí àwọn Òyìnbó ń fẹ́. Nígbà tó padà sí Èkó, ó fi àbúrò rẹ̀ Yusuf sídìí òwò tó wà lójú odò. Ọlọ́run bùkún un. Ó di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ tó lókìkí jù ní Èkó, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Olówó Pupa.

Owó rèé, kí ni yóò fi ṣe? Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ ìgbà náà fi owó wọn kọ́ ilé alájà. Shitta náà kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ní ọdún 1891 ó dá iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí kan sílẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀. Kò gbé igbá sílẹ̀ fún owó dídá láàárín ìlú. Àwọn alùfáà wa kò yé sọ fún wa pé bí ọmọ Ádámọ̀ bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dópin, àfi nǹkan mẹ́ta, tí sàdákà tí èrè rẹ̀ kì í tán sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Irú èyí ni Shitta ṣe.

ỌWỌ́ ÀWỌN TÓ KỌ́ Ọ

Ẹni tó ya àwòrán ilé náà ni João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà tó ti Brazil dé. Ẹni tó sì bójú tó iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ ni Sanusi Aka, kọ́lékọ́lé ọmọ ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn Àgùdà kọ́ ní oko ẹrú: iṣẹ́ bíríkì, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ ọnà ara ògiri. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilé tó lẹ́wà jù ní Èkó ìgbà náà, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa níṣẹ́ náà. Ìdí rèé tí ojú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey kò fi jọ ti ilẹ̀ Lárúbáwá, tí kò sì jọ mọ́ṣáláṣí alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó jọ àwọn ilé tí èèyàn lè rí ní Bahia. Ẹni tó bá dé Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin yóò rí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ níbẹ̀: mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Brazil gan-an.

Àwọn kan lè bèèrè pé, ṣé ó tọ́ kí mọ́ṣáláṣí jọ ilé àwọn tó fi wá ṣẹrú? Ìdáhùn wa ni pé, ọwọ́ ẹni tó jìyà ni iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó fìyà jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n fi ipá kọ́ ẹrú láti fi sin ọ̀gá, ọmọ òmìnira lò ó láti fi sin Ọlọ́run.

ỌJỌ́ KẸRIN OṢÙ KEJE, ỌDÚN 1894

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà, Èkó gbàlejò. Gómìnà Gilbert Carter tó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe alága. Ọba Òyékàn Kìíní wà níbẹ̀. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní erékùṣù St. Thomas, ẹni tó jẹ́ oníwàásù Kristẹni tó sì kọ ìwé lórí ohun rere tí Ìsìláàmù ṣe fún aláwọ̀ dúdú, òun náà wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́lá Kristẹni ìlú kò gbẹ́yìn: J. P. L. Davies wá, J. A. Otunba Payne wá, R. B. Blaize wá. Nínú mọ́ṣáláṣí ni gbogbo wọn ti péjọ.

Àlejò tó jìnnà jù ni Abdullah Quilliam. Agbẹjọ́rò ni láti ìlú Liverpool, Òyìnbó gidi, tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ọdún 1887 tó sì dá ìjọ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Súlútáànì Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ayé ìgbà náà gbà ní Kálífà, ló fi iṣẹ́ rán an. Ó gbé oyè àti àmì ẹ̀yẹ Medjidie wá fún Shitta. Oyè náà ni Bey. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jẹ́ Shitta-Bey, ìdílé rẹ̀ sì ń jẹ́ ẹ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ọmọ ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n bí sí ìletò àwọn aláìnílé, òun ni Súlútáànì tó wà ní Istanbul gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ogun tó jà, kì í sì í ṣe nítorí ilé ọba tí wọ́n bí i sí. Òwò tó mọ́ àti iṣẹ́ rere ló gbé orúkọ rẹ̀ débẹ̀.

LẸ́TÀ TÓ JU OYÈ LỌ

Àwọn tó ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn a máa dá ọ̀rọ̀ oyè dúró lókè. Lójú tiwa, ohun kan wà tó jù ú lọ. Quilliam mú iṣẹ́ tí Súlútáànì rán wá fún gbogbo Mùsùlùmí Èkó, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé ìgbàlódé.

Kí a tó mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká rántí bí nǹkan ṣe rí. Ọwọ́ àwọn Míṣọ́nnárì ni ilé ìwé wà nígbà náà. Ọmọ tó bá wọlé ní Súlè lè jáde ní Sámúẹ́lì. Nítorí náà ni àwọn bàbá wa fi fa ọmọ wọn sẹ́yìn. A kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ẹ̀sìn ọmọ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ dókítà àti ti agbẹjọ́rò ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó kàwé. Ìmọ̀ràn tó wá láti ẹnu Kálífà fún wọn ní ìgboyà tí ọ̀rọ̀ gómìnà kò lè fún wọn. Ní ọdún 1896, ìyẹn ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba dá ilé ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí ọmọ ti lè kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì láì fi Àlùkùránì sílẹ̀. Ní ọdún 1923 ni àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó kan náà, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí wọ́n sọ nínú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní ọdún 1894 wà lára ohun tó la ọ̀nà yìí.

Shitta-Bey fúnra rẹ̀ kò rí èyí tó pọ̀ nínú èso náà. Ó papòdà ní ọdún 1895, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

ILÉ TÓ DÚRÓ ÀTI ILÉ TÍ WỌ́N WÓ

Ní ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ ka Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey mọ́ àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba nìkan kì í dá ilé dúró. Ní Tinúbú, tí ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé láti òpópónà Martins, ilé Àgùdà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilọ́jọ̀ Bar. Láti ọdún 1956 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìrántí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi katakata wó o lulẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Jímọ́ọ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1913 pàápàá kò sí mọ́. Èyí tó tóbi jù ú lọ fíìfíì ni wọ́n kọ́ sí ojú ilẹ̀ kan náà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1988. A kò sọ pé ó burú kí mọ́ṣáláṣí tóbi sí i nígbà tí èrò bá pọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ohun tí wọ́n bá ti wó, ọmọ ẹni kò ní í rí i mọ́, àfi bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí ló kan àwa ará Ìgbẹ́tì àti gbogbo Òkè-Ògùn. Ìgbà tí a bá wó mọ́ṣáláṣí alámọ̀ ti àdúgbò láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ sílẹ̀? Ta ló ń kọ orúkọ lèmọ́mù àkọ́kọ́ àti ti ladani rẹ̀? Àwọn ìyá tó ru omi, tó po ẹrẹ̀, ta ló rántí wọn? Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàárín wa, ṣùgbọ́n wọn kò ní í wà títí. Ọmọ tó bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́, kó jókòó ti bàbá bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìlú tó ní Òkè Ìyámọ̀pó àti òkúta màbù tí gbogbo ayé mọ̀, kò yẹ kó jẹ́ ìtàn ẹ̀sìn rẹ̀ ni yóò sọnù.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ARÌNRÌN-ÀJÒ

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí Ànọ́bì wa (S.A.W.) ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ di ẹrù ìrìn-àjò lọ sí mọ́ṣáláṣí kan láti wá àǹfààní ọ̀tọ̀ níbẹ̀, àyàfi mẹ́ta: ti Mẹ́kà, ti Mẹ̀dínà àti ti Jerúsálẹ́mù. Òótọ́ ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tìtorí Shitta-Bey kúrò ní Ìgbẹ́tì láti lọ wá ìbùkún. Ẹni tó ti wà ní Èkó tẹ́lẹ̀ ni à ń bá wí, ẹni tí ìrun yóò bá ká mọ́ ibì kan. Kí ló dé tí kò fi ní í kí i níbi tí yóò ti kọ́gbọ́n?

Èkínní: wo aago rẹ dáadáa. Láti Ìkẹjà dé Ìsàlẹ̀ Èkó tó nǹkan bí kìlómítà 20. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 lè gbé ọ débẹ̀ kíákíá bí ọ̀nà bá dá, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò mọ ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Bàálù tó ń lọ sí òkèèrè, wákàtí mẹ́ta ṣáájú ni ó yẹ kí o ti wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí wákàtí tó kù kò bá tó mẹ́jọ, má ṣe lọ. Kírun rẹ ní pápákọ̀, kí o sì jókòó.

Èkejì: fi ẹrù rẹ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, má ru àpótí wọ ọjà Balógun. Fi ìwé ìrìnnà rẹ sí ibi tí ọwọ́ kò ti lè dé e.

Ẹ̀kẹta: ilé ìjọsìn ni, kì í ṣe ilé ìṣeré. Bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí o tó ya fọ́tò. Bí o bá wọlé, kí ráká méjì tí a fi ń kí mọ́ṣáláṣí kí o tó jókòó. Arìnrìn-àjò ní àǹfààní láti dín ìrun ọlọ́pọ̀n-ọ́n mẹ́rin kù sí méjì, ṣùgbọ́n bí lèmọ́mù tó jẹ́ onílé bá ń ṣáájú rẹ, kí i pé pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ṣe àdúà fún ẹni tó kọ́ ọ, fún João da Costa àti Sanusi Aka, rántí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí o sì rántí àwọn tí wọ́n kó gba ẹ̀bá ilé wa kọjá tí wọn kò padà wálé mọ́. Ọ̀nà tí ìwọ yóò gbà nínú bàálù láàárín wákàtí díẹ̀, oṣù ni wọ́n fi gbà á nínú ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀karùn-ún, tó sì ṣe kókó jù: nígbà tí o bá padà sí Ìgbẹ́tì, sọ ohun tí o rí fún àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ọmọ ẹrú kan fi òwò obì àti ẹ̀gúsí kọ́ mọ́ṣáláṣí tí Súlútáànì ránṣẹ́ sí, kò ní í sọ pé òun kéré jù láti ṣe nǹkan fún ẹ̀sìn àti fún ìlú òun.

Kí Ọlọ́run Allah mú ìrìn-àjò wa dára, kó mú wa lọ ire, kó sì mú wa bọ̀ ire. Àmín.

Ma'a salaam.